Owó Ọtí, Owó Obì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ahọ́n mi fi mí ṣe ní Koumassi, níbí ní Abidjan, lọ́dún tí ẹsẹ̀ ìyá mi kọ̀ láti gbé e lọ sọ́jà mọ́. Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà lọ́jà ni mo bẹ̀ pé kó máa fi oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sí i. Bàbá Júlà kan ló ń fi alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì gbé e wá. Ó ti hewú, àmì ìforíkanlẹ̀ sì wà níwájú orí rẹ̀. Bó bá gbé abọ́ kalẹ̀, á bọ́ bàtà, á wọlé lọ kí ìyá mi, wọn á sọ̀rọ̀ ọjà díẹ̀ lédè Júlà. Ìyá mi kò ní àlejò mìíràn látàárọ̀ dalẹ́.

Èmi ni mo ń ro iye tó yẹ kí n fún un lórí owó oúnjẹ. Lọ́jọ́ oòrùn, àádọ́ta fráǹ. Lọ́jọ́ òjò, ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀nà là ń wò ni, àbí ewú? Ẹni tó tó bàbá ẹni, a kì í ju owó ẹyọ sí i lọ́wọ́ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ.

Lọ́jọ́ kan táyà rẹ̀ jò, ó ti mobilẹ́ẹ̀tì nínú ẹrọ̀fọ̀ títí dé ilé wa, ọbẹ̀ kò sì dà. Mo mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹ. Kò gbọ́ Faransé púpọ̀, mo wá ní kí n yẹ́ ẹ sí, kí n sọ ọ́ lédè rẹ̀. Pourboire làwọn Faransé ń pe irú owó bẹ́ẹ̀, ìyẹn owó tí èèyàn á fi mu nǹkan. Mo túmọ̀ rẹ̀ wẹ́kú:

"Bàbá, dọlọ sọngọ rèé."

Ó wo owó náà, ó fi lé ọmọrí abọ́, ó ti mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu géètì ló ti na abọ́ sí mi. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá mi kò jẹun tán mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Nígbà tó yá, ó bi mí ohun tí mo fi ṣe ọkùnrin náà. Mo ní owó ni mo fún un, owó gidi. Ó ní kí n tún ohun tí mo sọ sọ. Mo sọ ọ́.

"Owó ọtí nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, àlùfáà lo ní kó lọ mutí."

Mo fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní owó ńlá á tún bà á jẹ́ sí i ni. Kí n mú ọgọ́rùn-ún péré, kí n fọwọ́ méjèèjì gbé e, kí n pè é ní woro sọngọ, owó obì, bí àwa náà ti ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo dúró dè é ní géètì, mo tẹríba.

"Bàbá, woro sọngọ."

Ó wò mí títí, ó bi mí ẹni tó kọ́ mi. Mo nawọ́ sí yàrá ìyá mi. Ó fi owó sápò àyà, ó bọ́ bàtà.

Ìta ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó sì sọ èyí tí mo gbọ́ ketekete:

"Màmá, obì ọmọ yín yìí, awẹ́ kan ṣoṣo ni."

Láti ọjọ́ náà, awẹ́ méjì ni mò ń fún un, igba fráǹ, bójò rọ̀, bí kò rọ̀.