Ọmọkùnrin Tó Sùn Nínú Ihò Àpáta

Ọkọ mi kò fẹ́ gun òkè àpáta náà. Ó jókòó sórí iyanrìn tòun ti ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn, bí ẹni tó ń dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀, ó ní orúnkún ń dun òun. Ìjọ wa ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta, ló kó wa wá sí Gíríìsì, ká lè rí àwọn ibi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n ní ká sinmi díẹ̀, ni bọ́ọ̀sì bá gbé wa lọ sí Matala, létí òkun. Èmi kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo bá lọ. Ọmọbìnrin wa ló ń yọ mí lẹ́nu pé kí n jáde nínú ilé, kí n lọ fẹ́ atẹ́gùn. Atẹ́gùn náà rèé, iyọ̀ ló ń kó sí mi lójú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun yẹn, àpáta ńlá kan dúró, ihò sì kún ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ṣàlàyé pé sàréè ni wọ́n, àwọn ará àtijọ́ ló gbẹ́ wọn láti sin òkú sí. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó onírun gígùn kó wọ inú wọn, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ọmọkùnrin wa kú. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ láti Downtown Atlanta ni tírélà kọ lu ọkọ̀ rẹ̀. Kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ. Àwọn àgbà ìjọ ló sin ín. Ní àṣà wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ìdí sàréè, kò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọkọ mi di àṣà yìí mú ju gbogbo àgbà lọ. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní kí n gbàdúrà. Ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marietta, àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi a máa bi mí bóyá mo máa ń gbé òdòdó lọ fún un. Bí mo bá ń wakọ̀, tí mo rí itẹ́ òkú lẹ́bàá ọ̀nà, ọkàn mi á béèrè pé, ṣé ibí ni? Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ó tún nù.

Mo dá gun òkè náà. Nínú ihò kan, wọ́n gbẹ́ ibùsùn sára òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí láyé àtijọ́. Ọmọkùnrin òyìnbó kan ló sùn sórí rẹ̀, ó fi fìlà bojú, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà. Ẹgbẹ́ ọmọ mi ni.

"Dìde níbẹ̀!" mo pariwo mọ́ ọn. "Get up! Ìyá ẹ dà? Mo ní kó o dìde!"

Ó fò sókè, ó ń sọ pé, "Sorry, ma'am, sorry," ó sì sá jáde láìwọ bàtà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Ọkọ mi ti gbọ́ ohùn mi nísàlẹ̀. Tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó gòkè wá bá mi.

"Daddy, ẹ wò ó," mo ní. "Ṣé inú irú ibí báyìí ni wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí? Inú òkùnkùn báyìí?"

"Rárá o," ó yára dáhùn. "Ibẹ̀ ò rí báyìí. Grass ló wà níbẹ̀, wọ́n máa ń gé e regularly. Oòrùn máa ń dé ibẹ̀ dáadáa láàárọ̀."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó gbójú sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí oòrùn ń dé ibì kan, ó ti dúró níbẹ̀ rí ni. Inú bí mi débi pé omi ojú mi gbẹ. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Atlanta.

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ wa ní pápákọ̀ òfurufú, mo ní, "Ẹ mú mi lọ." Kò bi mí pé níbo. Marietta ló kọrí sí, sí itẹ́ òkú kan tí mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Ó ṣíwájú, mo tẹ̀lé e. Kò wọ̀tún, kò wòsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó dúró níwájú òkúta kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ gbá ewé kúrò lórí orúkọ ọmọ mi.

"Ẹ fi èmi nìkan sílé, Daddy," mo ní. "Gbogbo ìgbà yẹn. Kí lẹ máa ń sọ fún un tẹ́ ẹ bá wá?"

Ó tún fọwọ́ nu orúkọ náà.

"Mo máa ń sọ fún un pé, mummy ẹ ní kí n kí ẹ."

Èmi kò rán an rí.