Èsì Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Ṣí Lórí Wífí Gbogbo Wa

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ ìlọṣọ gbígbóná ni mo fi ń rántí ìsọ̀ àwa aránṣọ ní ọjà Ouando. A jọ ń lo àgé àlùwàlá kan, ẹní ìkírun kan, ìgbálẹ̀ kan. Nígbà tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe láàárín wa gbé wífí wá, ó fi ẹfun kọ kóòdù rẹ̀ sára ògiri, bí ẹni gbé omi mímu síta. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá ní Àjàṣẹ́: ẹni tó bá ń dá nǹkan lò, ahun la ń pè é.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, àlùfáà ò sì ní so yìgì láì rí èsì ẹ̀jẹ̀. A ti mọ̀ pé AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ní èsì ti àbúrò mi ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kékeré tí kì í gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò, ló bá fún mi ní nọ́ńbà èsì náà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ṣí i: AS. Bí wọ́n bá fẹ́ra, wọ́n lè bí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wí fún ẹnì kankan. Àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ láti Avrankou ní Jimọ̀. Èmi ni n ó fẹnu ara mi sọ fún un."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Bí a ṣe kírun alásárì tán, ẹni tó ń lọ aṣọ fún wa di ọwọ́ mi mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ọlọ́run á fún un ní ọkọ òmíì." Mo bi í pé ta ló sọ fún un; ó ní oníwífí ni. Mo lọ bá oníwífí. Kò sẹ́. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi: ohun tí a bá ṣí lórí wífí rẹ̀, ó lè máa wò ó bó ṣe ń kọjá, àfi tí ojú-ewé náà bá ní àmì àgádágodo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀. Ti ilé àyẹ̀wò yẹn ò ní. Orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀ gbàgàdà.

"Mi ò jalè, Ẹ̀gbọ́n. Iwájú mi ló gbà kọjá. Àánú ló ṣe mí tí mo fi wí i."

Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀? Mò ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á mọ́ra. Ìyàwó ẹni tó ń lọ aṣọ sì rèé, ẹ̀gbẹ́ ìyá àfẹ́sọ́nà àbúrò mi ló ti ń tajà ní Avrankou. Apá mi ò ká a mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ọkọ pè wá pé òun ti gbọ́, ọmọ òun ò ní wá. Síbẹ̀, nígbà tó di Jimọ̀, àbúrò mi wọ aṣọ Jimọ̀ rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo fẹ́ sọ fún un."

Mo ti pa wífí yẹn rẹ́ lórí fóònù mi. Ó ti pẹ́ jù. Bóyá wọ́n ì bá túká náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ì bá túká lójúkojú, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kí ó sì gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà. Ìyẹn ni mo sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń kà á.