Ẹni Tó Ń Yọ Èèyàn Nínú Omi Matyeni

Gcinumzi Ndzima kú sí etíkun Matyeni láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wẹ̀ lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìgbì ti gba pátákó tó fi ń ṣeré lójú omi mọ́ lọ́wọ́, ó tì í gun orí àpáta, ìgbì mìíràn sì gbé òun fúnra rẹ̀ lu irin ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó ti fọ́ síbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yè. Mo bá a yọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso etíkun náà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹsẹ̀ kan omi àfi tí wọ́n bá fẹ́ ya yín ní fọ́tò.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Gcinumzi fi ṣọ́ omi yẹn. Ó máa ń kí àwọn àbùùbùtán tó ń kó ọmọ wọn kọjá nígbà òtútù bí ẹni ń kí aládùúgbò. Bí sadíìnì bá ti ń wọ́ bọ̀, tí àwọn ẹja ekurá tó ń bu èèyàn jẹ ń tẹ̀ lé wọn, á dúró sétí omi, á máa lé àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì.

"Ẹ jáde, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Ẹja ò mọ̀ pé eré lẹ wá ṣe o!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jáde, MaRhadebe ìyàwó rẹ̀ á sì bu àgbàdo àti ẹ̀wà gbígbóná fún wọn. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Òkú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lórí iyanrìn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má gbé e, àfi mọ́tò ọ́fíìsì. Mọ́tò ò sì ráàyè! Ó ń kó àwọn àlejò pàtàkì lọ sórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń ṣí òkúta ìrántí fún àwọn atukọ̀ tó kú sínú ọkọ̀ òyìnbó yẹn. Wọ́n kó òdòdó síbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá pátápátá nu omijé. Láti orí òkè yẹn, èèyàn ń rí òkú Gcinumzi kedere. Àbí òkú gbọ́dọ̀ pé igba ọdún kó tó ṣe yín láàánú? Àwọn baba ńlá Gcinumzi ló sin àwọn atukọ̀ náà, wọn ò sì bi òkú kankan pé ìwé rẹ dà.

Ẹ̀yin bi tiwa. Lọ́jọ́ karùn-ún, a bá Zwelonke, ẹ̀gbọ́n olóògbé, gbé ẹ̀ka igi umphafa lọ, ká fi mú ẹ̀mí rẹ̀ kúrò nínú omi wá sílé. Ẹ̀ṣọ́ yín ò ṣí géètì etíkun.

"Bàbá, ìwé ìwọlé yín dà?"

"Àbúrò mi ni mo wá mú."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ní ẹni tí ò bá níwèé..."

"Òun ńkọ́? Ṣé ó gbàwé kó tó kú?"

Zwelonke fọwọ́ kan ẹ̀ṣọ́ náà léjìká. "Má dààmú, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo ṣòfin."

A dúró títí omi fi fà sẹ́yìn, a sì gba orí àpáta, wákàtí mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ó fi ẹ̀ka náà kan omi.

"Gcinumzi, àwa rèé. Jẹ́ ká lọ sílé."

Títí a fi délé, kò bá ẹnì kankan nínú wa sọ̀rọ̀, àfi ẹ̀mí àbúrò rẹ̀: "Òkè la fẹ́ gùn yìí o. Odò rèé o, rọra." MaRhadebe jókòó sórí ẹní nínú ilé.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Ó ti dé, ìyàwó wa."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Mo ti ka ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́rìnlá tí Gcinumzi kọ sí yín. Ọkọ̀ kékeré kan ló ń tọrọ, àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, torí fóònù kì í gbà níbẹ̀. Ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ ní kó máa wọ aṣọ tó mọ́ nítorí àlejò. Ta ló kọ ọ́? Orúkọ rẹ̀ la fẹ́. Ta ló ní kí mọ́tò lọ kó àlejò, kó fi òkú sílẹ̀ fún ẹyẹ? Ẹ má rán agbẹnusọ sí wa. Kí ọ̀gá pátápátá fúnra rẹ̀ wá sí àgbàlá MaRhadebe ní Sátidé tó ń bọ̀, kó ka lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sókè lójú gbogbo abúlé, kó sì dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wá, lọ́jọ́ Ajé, gbogbo abúlé ló máa kà wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.