Aláìsàn Inú Bàálù Mọ́nsúrù

Bí ẹ bá dé àdúgbò Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, tí ẹ béèrè Mọ́nsúrù, ọmọ Àlàájà Àsíátù aládìrẹ, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé fún yín. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó níyàwó nílé, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì láràárọ̀, bó bá di ọjọ́ Sátidé, á tilẹ̀kùn mọ́rí, á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ bàálù oníke.

Hẹlikọ́pítà ni bàálù ọ̀hún. Inú páálí ni gbogbo rẹ̀ wà nígbà tó rà á, ègé ike tó lé ní igba, nígbà tó sì tò ó tán, kò gùn ju ìgúnpá sí ọmọ ìka lọ. Ti ológun ni àwọn tó ṣe é pè é. Ìbọn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, àdó olóró wà lábẹ́ rẹ̀. Mọ́nsúrù da gbogbo ìyẹn nù. Ọ̀dà funfun ló fi kùn ún, ó fa ìlà pupa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọ ÌGBÀLÀ ẸGBÁ sí ìrù rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ sí. Òun ni ọ̀gá, òun náà ni awakọ̀.

Ohun tó ń dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tírélà kan kọlu ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀, Àlàájì Mùtíù, wọ̀ bọ̀ láti Èkó. Wọn ò tíì jìnnà sí Papalanto. Bàbá kò kú lójú ẹsẹ̀. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi tẹ́ ẹ sẹ́bàá títì, tó ń tọrọ omi, tí ọkọ̀ ń yà fún un, tí wọ́n ń kọjá lọ. Nígbà tí ẹlẹ́yinjú àánú kan máa fi gbé e, wọn ò tíì dé Ìtórí tí ẹ̀mí fi bọ́. Láti ọjọ́ náà ni Mọ́nsúrù ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ká ní hẹlikọ́pítà gbéra l'Abẹ́òkúta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ Ẹgbá. Ìyẹn ló mú un máa fi ike tò ó.

Lọ́dún yìí, ẹ̀rù wá gun orí ẹ̀rù. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ti ń wò láti bí ogún ọdún, dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wú sínú. Ìyá ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ló ń sùn, èémí rẹ̀ á sì máa súfèé. Dókítà ò fi bọpo bọyọ̀: bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n gé e kúrò, lọ́jọ́ kan yóò dí ọ̀nà ọ̀fun pa. Wọ́n dá ọjọ́ Àlàrùba.

Ọkàn Mọ́nsúrù ò balẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà á, ẹ̀rù àìṣe é ń bà á, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún, torí òun ni àkọ́bí, òun ni wọ́n ń wò lójú. Ó bá tún forí lé bàálù rẹ̀. Aláìsàn nìkan ló kù tí kò tíì gbé sínú rẹ̀. Ó fi abẹ gbẹ́ ọmọ ènìyàn kan lára ike tó ṣẹ́ kù, kò ju oríkèé ìka méjì lọ. Bàbá rẹ̀ ló ní lọ́kàn, kò wí fún ẹnì kan. Ó gé etí aṣọ funfun kan, ó fi wé ọmọ ènìyàn náà bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ bo aláìsàn ní ọsibítù. Ó wá fi òwú so ó mọ́ pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, kí ó má baà já bọ́. Ó so ó lórí, ó so ó ní ìbàdí, ó so ó lẹ́sẹ̀. Ó gbé e sínú bàálù, ó wò ó, ó dùn mọ́ ọn.

Àlàrùba pé. Síkírù, ará ilé kejì tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù, ti dúró níta láàárọ̀. Ìyá wá ké sí ọmọ rẹ̀ ní yàrá.

"Mọ́nsúrù, ṣé o ò tíì..." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. "Kí lèyí?"

"Bàálù mi ni, Ìyá. Èyí tí wọ́n fi ń gba ènìyàn là ni."

"Mo mọ bàálù. Ẹni inú rẹ̀ ni mò ń bi ọ́."

"Aláìsàn ni."

"Ìnnà lílláhì! Aláìsàn wo ni wọ́n ń fi aṣọ funfun wé, tí wọ́n so lórí, tí wọ́n so ní ìbàdí, tí wọ́n so lẹ́sẹ̀?"

Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí àlùfáà ti ń tọ́jú òkú Mùsùlùmí ti mọ ohun tí Ìyá rí. Bí wọ́n bá wẹ òkú tán, aṣọ funfun ni, okùn mẹ́ta ni. Mọ́nsúrù wà lára àwọn tó so ti bàbá rẹ̀. Orí rẹ̀ lè gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Ẹni tó ní òun ń gbé bàbá òun lọ sí ọsibítù ti dì í ní òkú kí bàálù tó gbéra!

Mọ́nsúrù sún mọ́ tábìlì. Ó ki ẹ̀mú kékeré mọ́lẹ̀, ó fẹ́ tú òwú orí. Ìyá figbe ta.

"Má tú u! Inú sàréè ni wọ́n ti ń tú u!"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá tẹ́ òkú sínú ilẹ̀ tán ni wọ́n ń tú okùn náà. Ọwọ́ Mọ́nsúrù dúró lókè. Bó bá tú u, ó sin ín. Bí kò bá tú u, òkú náà ni.

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìborùn rẹ̀. "Ẹ sọ fún dókítà pé mi ò wá mọ́. Ọmọ tí mo bí ti dì mí sílẹ̀ dè wọ́n."

Fàòsíyà, ìyàwó Mọ́nsúrù, sáré wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Ìyá, nǹkan ìṣeré lásán ni."

"Wò ó dáadáa, Fàòsíyà. Irú ìṣeré wo nìyẹn?"

Fàòsíyà wò ó. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Síkírù ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Èémí Ìyá ń súfèé, ó ń le sí i, ẹ̀rù tó ba Mọ́nsúrù nígbà náà kò bà á rí láyé. Ó rí i kedere pé orí àga nínú ilé yìí ni ìyá òun máa kú sí, ọwọ́ òun ló sì máa fà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́."

"Ta wá ni?"

"Bàbá ni. Mo fẹ́ gbé wọn ní Papalanto ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo so ó báyẹn. Bí mo ṣe so wọ́n lọ́jọ́ náà ni ọwọ́ mi ṣe é."

Ìyá dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó fi orí ìka kan òwú náà. Àwọn obìnrin ò sí níbi tí wọ́n ti di bàbá lọ́jọ́ náà. Inú yàrá lòun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí.

"Báyìí lo ṣe so wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò le jù?"

"Kò le. Mo rọra so ó ni."

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti fẹ́ bi ọ́." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó yá, ó mú ìborùn, ó wé e padà. "Bàbá yín wá ọkọ̀ títí, wọn ò rí. Tèmi ń fọn fèrè níta, mo jókòó. Dìde. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, má rò pé kò bà mí mọ́. Ṣùgbọ́n dìde."

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú kí nọ́ọ̀sì tó gbé e wọlé.

"Bí wọ́n bá ní kí o wá so mí, o mọ̀ ọ́n so. Bí wọn ò bá wí bẹ́ẹ̀, wá mú mi lọ sílé."

Ilẹ̀kùn padé. Mọ́nsúrù jókòó ti Fàòsíyà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka tẹ̀súbáà, iye rẹ̀ ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ló ń dìde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde tó pe ọmọ Àlàájà Àsíátù, Fàòsíyà ló dáhùn.

"Wọ́n ti jí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ lè wá rí wọn."

Mọ́nsúrù ní kí ó tún un sọ. Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.