Abẹ́rẹ́ Tó Ń Mú Ara Kú

Síkẹ́ẹ̀tì dúdú nìkan ni mo máa ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ajára nígbà náà, nítorí nǹkan oṣù mi kì í dá mọ́. Bó dá lónìí, á tún yọjú lọ́túnla. Èmi ọmọ Èkìtì tí mo fẹ́ ọmọ Àgbádárìgì, àtẹ́lẹwọ́ mi ti funfun, mo kàn ń wọ́ ara mi kiri ni. Dókítà ní àfi kí wọ́n ha inú ilé ọmọ mi, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dá.

Ìgbà àwọn ṣọ́jà ni, ìlú le. Òwú pàápàá, aláìsàn ló ń rà á wá. Oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun ti tán ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bá ní ojú mi máa là sílẹ̀ ni. Wọ́n á gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́nu ilé ọmọ, ibẹ̀ á sì kú.

Ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ní í yọ ọfà lápó. Ìyá ọkọ mi tó sìn mí wá, Ègùn ni wọ́n. Kú ni kú létí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì mi, wọ́n ní àwọn ò mú ìyàwó wá kí wọ́n wá pa ilé ọmọ rẹ̀, nígbà tí àwọn ò tíì rí ọmọ-ọmọ gbé. Èmi tíṣà tí mò ń kọ́ ọmọ ní gírámà, àyà tèmi náà já! Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ẹsẹ̀ mi kú.

Dókítà ò bínú. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jókòó lórí ẹsẹ̀ rí títí tó fi kú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Màmá, ṣé ẹ lọ sin ín ni, àbí ó jí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbé báàgì sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ta mí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn ń mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan ni. Ìyá ọkọ mi dúró tì mí, wọ́n ń fi etí ìró nu òógùn ojú mi.

Ẹ̀jẹ̀ dá, agbára mi padà. Ọmọ ni kò dé. Àwọn ẹbí wá ń sọ pé abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà ló ba ilé ọmọ mi jẹ́, kí ọkọ mi yáa fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ìyá ọkọ mi ló bà mí jù, torí ojú ọmọ-ọmọ ń pọ́n wọn. Àwọn ló dá ẹbí lóhùn níṣojú mi.

"Ẹ̀jẹ̀ ń gbé ọmọ yìí lọ. Kó lè yè ni mo ṣe mú un lọ, kì í ṣe torí ọmọ."

Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè. Bí mo bá ń ka àwọn tó bí mi lónìí, mẹ́ta ni mo máa ń kà.