Iyán Tí Mo Gún Nínú Ààwẹ̀

Obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó jẹ́ pé bó bá ti ń gbààwẹ̀, gbogbo Òkè-Ìlá ló máa mọ̀. Ètè rẹ̀ á gbẹ, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, mo wà nínú ààwẹ̀ ni." Ó máa ń bí mi nínú, kí Ọlọ́run má bínú! Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ wàásù pé ẹni tó bá ń fi ààwẹ̀ ṣe ṣekárími ti gba èrè tirẹ̀ tán, mo yíjú sí i, mo sì ṣe àmín sókè kó lè gbọ́.

Bí mo ṣe délé ni mo pinnu láti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, títí kan ọkọ mi, tó máa ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìyìn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo láyé mi tó máa jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò ní torí ẹ̀ kí mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni odó. Ní àdúgbò wa, bí ọ̀sán bá pọ́n tí wọn ò gbọ́ ìró odó rẹ, wọ́n á wá kanlẹ̀kùn: ṣé kò sí o? Ni mo bá múra, mo se iṣu, mo gún iyán bí ẹni tó ń retí àlejò. Òórùn ẹ̀gúsí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sẹ́ Olúwa! Kíá ni mo gbé gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà, ìyá arúgbó tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Obìnrin ìjọ wa yẹn gan-an jẹ́ oníbàárà wọn. Àlàájà jẹun, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Inú mi dùn pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ká sòótọ́, ó tún dùn mí díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Àlàájà ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jókòó. Uyán yìí pọ̀, jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Mo ní mo ti yó. Ikùn mi kùn, àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ǹ bá ti sọ pé inú ló ń run mí. Àfi bí ohùn mi ṣe rẹlẹ̀ lójijì: "Ẹ má bínú, mo wà nínú ààwẹ̀ ni."

Háà! Ẹnu èmi náà lèyí ti jáde?

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́. Ta ló ń gún uyán tí kì í tọ́ ọ wò? Mo kàn panu mọ́ ni, mo ní ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ni."

Ojú tì mí. Àlàájà bá mi pa àṣírí mọ́, èmi fúnra mi ni mo tú u. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá tún yíjú padà.

"Àfi bí oníbàárà yín tó jẹ́ ará ìjọ wa bá béèrè o."