Akọ̀wé Ilé Ìfọṣọ

Akọ̀wé kì í ṣe akọ̀wé. Aṣọ ló ń fọ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí bẹ́díṣíìtì ti ń wọlé láàárọ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ àti oògùn, tí á sì jáde nírọ̀lẹ́ ní funfun báláú, ní kíká, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣàìsàn rí. Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, torí òun nìkan ló lè kọ lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì tí ọ́fíìsì òkè kò ní dá padà. Ta lọ́mọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ta ló fẹ́ gba ìsinmi, ẹ̀rọ wo ló ń jò? Akọ̀wé, bá wa kọ ọ́. Á nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, á jókòó lórí páálí ọṣẹ, á sì fà á yọ bíi pé ọ́fíìsì gan-an ni wọ́n bí i sí.

Wọn ò bí ìwé mọ́ ọn o. Ó ti lé lógójì ọdún kí bíírò tó dúró dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà, ló ń gbé yàrá tó kángun sí tiwọn, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ ní fàráńdà bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kò sí ohun tó fojú rẹ̀ rí màbo nínú gẹ̀ẹ́sì tó "he" àti "she". Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Láti kékeré, "ó" kan náà ló ti ń lò fún ọkọ, fún aya, fún ewúrẹ́ àti fún òjò tó ń rọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dá kọ, orí ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ lé: ọkọ òun ga, "she" ní irùngbọ̀n, "she" sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí ọkọ, ó ní kò burú, kí ọkọ tuntun tó dé sílé yìí yáa múra lọ́la, kó wá bá òun tú táyà.

Òfin kan wà tí Bàbá Tíṣà fẹ́ràn ju gbogbo òfin lọ. Á mú bíírò pupa, á fa ìlà láti ara arọ́pò-orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ bá orúkọ tó dúró fún. Bí ìlà bá rìn títí tí kò rí ẹni tó ń wá, Bàbá á yí òbírí ka ọ̀rọ̀ náà, á sì bi í pé, "Ta ni?" Ó ní ẹni tó bá kọ "he" láìdárúkọ ẹnì kankan ṣáájú ń júwe ilé fún àlejò láìsọ àdúgbò. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, Akọ̀wé ti ń fa ìlà náà fúnra rẹ̀, òbírí Bàbá sì ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú ìwé rẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọwọ́ Ìyá Ìbejì jó.

Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wọn tó ń lọ bẹ́díṣíìtì: irin róbótó méjì tó gùn, tó gbóná, tó ń yí, aṣọ á sì gba àárín wọn kọjá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn sún mọ́ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, aṣọ ń há sára irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣáá, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń fóònù léraléra pé àwọn kò rí nǹkan tẹ́ fáwọn aláìsàn. Màmá, àgbà obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ní kí irin náà kúrò níbẹ̀ kíṣẹ́ lè yá. Ó rán Akọ̀wé lọ gbé sípánà wá. Akọ̀wé gbé e wá, Màmá tú irin náà, iṣẹ́ sì yá lóòótọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Ìbejì ti ibi oúnjẹ dé, ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé irin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta ló bá aṣọ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì òkè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Akọ̀wé. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó yọ irin náà, èsì sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó gbé fọ́ọ̀mù náà wá jẹ́ kó yé e pé ìdájọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀: àwọn ọ̀gá rò pé Ìyá Ìbejì ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè fọ abọ́, àti ọmọ méjì tí kò tíì lè jẹun fúnra wọn.

Nírọ̀lẹ́, Akọ̀wé kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé kékeré rẹ̀ ná, ó gbé e lọ fún Bàbá Tíṣà. Bàbá kà á, ó ń mi orí, gbogbo ìlà rẹ̀ ń délé. Ó wá kan gbólóhùn kan: "They removed the bar before she came." "She" rí Ìyá Ìbejì lókè. "They" kò rí ẹnì kankan.

"Ta ni?" Bàbá bi í.

Akọ̀wé wolẹ̀.

"O mọ èyí. Èyí tí mo kọ́ ọ lọ́dún àkọ́kọ́ ni. Kí ló ṣe ọ́?"

"Bàbá, kò ṣèèṣì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá gbé bíírò pupa sílẹ̀. Akọ̀wé sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní Màmá ló mú òun wọ iṣẹ́ yìí nígbà tí ọkọ òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún odindi ọdún kan, tí kò sẹ́ni tó tún ń béèrè àwọn. Ó ní ọdún kan péré ló kù kí Màmá fẹ̀yìn tì. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó sọ ọ́ débi sípánà, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Gírámà tèmi parí síbí," ni Bàbá wí. "Mi ò lè bá ọ fa ìlà yẹn. Àmọ́ tó o bá máa dárúkọ àgbà nínú ìwé, má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n á ti gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Akọ̀wé kò fẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀rù Màmá ń bà á, ojú Ìyá Ìbejì ń tì í, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ó bá Màmá ní yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ mímọ́ sí, ó ń ká aṣọ ìrọ̀rí. Ó kúnlẹ̀, ó sọ fún un pé òun ti kọ èsì ọ́fíìsì sínú ìwé kékeré òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi í lé ọ́fíìsì lọ́wọ́ láìjẹ́ kí Màmá gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Dìde, jókòó," ni Màmá wí. "Kà á ní èdè tó máa yé mi."

Akọ̀wé kà á. Aṣọ ń há. Wọ́n yọ irin náà kí Ìyá Ìbejì tó dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Màmá ká aṣọ ìrọ̀rí kan sí i. "'Wọ́n' tó yọ irin yẹn, èmi ni, àbí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Táwọn ará òkè bá kà á, ṣé wọ́n á mọ̀ pé èmi ni?"

"Wọn ò ní mọ̀. Nínú gẹ̀ẹ́sì tiwọn, ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Wọn ò ní 'wọ́n' tá a fi ń pọ́n àgbà lé."

"O ṣeun," ni Màmá wí. Ó na aṣọ ìrọ̀rí ọwọ́ rẹ̀, ó tún un ká bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. "Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n má bínú pé bẹ́díṣíìtì yẹn jó."

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ pé ẹkún ni.

"Tí wọn ò bá rí èèyàn kankan nínú ìwé rẹ, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ jó náà ni wọ́n máa mú," ó ní. "Fọ́ọ̀mù yẹn dà?"

Akọ̀wé yọ ọ́ nínú àpò. Kò tíì kọ nǹkan kan sí i.

"Tí èèyàn bá fẹ́ sọ pé 'èmi' ní gẹ̀ẹ́sì, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

"'I' ni, Màmá. Igi kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán."

"Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Màmá kò dé ilé ìwé rí. Àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ síwèé láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gba bíírò, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà lé orí aṣọ ìrọ̀rí tó ti ká, Akọ̀wé ní aṣọ rọ̀ jù, Màmá gbé e kúrò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fa igi náà látòkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró.

"Ibi tí mo mọ̀ ọ́n kọ dé nìyẹn," ó ní. "Parí ìyókù."

Akọ̀wé parí rẹ̀: Màmá ló ní kí irin náà kúrò, Màmá ló sì tú u. Ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó fa igi kan náà síbẹ̀.

Màmá nawọ́ sí i. "Ìyẹn ńkọ́? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Èmi ni mo gbé sípánà wá."

"Èmi ni mo rán ọ."

"Ẹ rán mi lóòótọ́, Màmá," ni Akọ̀wé wí, ó sì ń kọ̀wé lọ. "Mo sì lọ."